Bí Ìwé Ìlànà Bá Ń Tako Ara Rẹ̀: Àlàyé Lórí Títo Lẹ́tà Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Kókó ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú ètò yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ní etí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ èdè ni, ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè náà nìyí: bí ìwé tí ó fi òfin lélẹ̀ nípa bí a ó ṣe to lẹ́tà sí ojú ìwé bá sọ ohun kan ní ibì kan, tí ó tún sọ ohun mìíràn tí kò bá a mu ní ibòmíràn, èwo ni kí a tẹ̀ lé? Ọ̀nà wo ni ó sì tọ́ kí a gbà túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní ṣìnà?

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ohun ìjà inú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá. Ó ní ẹ̀dà ìwé náà nínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà, 'ọ̀kọ̀', ó sì ní kí ẹ̀rọ bá òun wá a. Ẹ̀rọ dáhùn pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yìí bá gba ẹ̀rọ gbọ́, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òǹkọ̀wé náà kò lo ọ̀rọ̀ náà rárá, àṣìṣe yóò sì di ìmọ̀ tí àwọn mìíràn yóò máa tọ́ka sí. Tàbí kí a mú ọmọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọlátúnjí, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà kan, tí a sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò ní ọ̀nà mìíràn. Ní ojú ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Ní ojú ẹ̀rọ, ọmọ méjì ni. Ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ ọmọ kan di méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

1. Ohun tí ìwé ìlànà náà jẹ́

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà; nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Ohun tí a ń pè ní lẹ́tà A lójú wa, nọ́ńbà kan ni nínú ikùn ẹ̀rọ. Ní àtijọ́, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà ni ó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà bí ó ti wù ú. Nítorí náà, ìwé tí a bá tẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan lè di rúdurùdu bí a bá ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn. Láti fi òpin sí èyí ni Joe Becker, tí ó ń bá ilé iṣẹ́ Xerox ṣiṣẹ́, ṣe kọ ìwé àbá kan ní ọdún 1988, nínú èyí tí ó ti dábàá pé kí gbogbo èdè ayé ní ètò nọ́ńbà kan ṣoṣo. Orúkọ tí ó fún ètò náà ni Unicode. A dá ẹgbẹ́ tí ń bójú tó o sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1991, ìwé ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní ọdún 1993 ni wọ́n mú un bá ìlànà àgbáyé tí à ń pè ní ISO 10646 dọ́gba. Lónìí, àwọn àmì tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 140,000.

Nínú ètò yìí, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, èyí tí í ṣe 1EB9. Ọ ní tirẹ̀, 1ECD. Ṣ náà ní tirẹ̀, 1E63. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé a rí lẹ́tà láàrin nọ́ńbà. Ìṣirò tí a ń ka mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ń lò, nítorí náà wọ́n fi A dé F kún òǹkà 0 dé 9. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀. A ní láti fi àmì ohùn kún lẹ́tà náà ni. Àmì ohùn òkè ní nọ́ńbà tirẹ̀, 0301. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ní 0300. Ẹ̀kán abẹ́ lẹ́tà sì ní 0323.

Nọ́ńbà nìkan kò tó láti fi to ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé. Lẹ́yìn nọ́ńbà ni fọ́ǹtì wá, èyí tí ó ń ya àwòrán lẹ́tà, tí ó sì ń sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí ní orí tàbí ní abẹ́ rẹ̀. Ìlànà OpenType, tí Microsoft àti Adobe gbé jáde ní ọdún 1996, ni ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ń tẹ̀ lé. Lẹ́yìn fọ́ǹtì ni ètò tí ń gé ìlà wá, tí ó ń pinnu ibi tí ìlà kan yóò parí sí tí òmíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni èyí, olúkúlùkù sì ní ìwé ìlànà tirẹ̀. Bí àmì ohùn bá fò kúrò lórí lẹ́tà tí ó sì jókòó sí àárín lẹ́tà méjì nínú ìwé ìdánwò, nígbà púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó tẹ ìwé náà. Fọ́ǹtì tí ó lò ni kò ní ibi ìjókòó fún àmì náà.

2. Ohun tí ń fa ìtakora

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ọ̀mọ̀wé yóò jókòó kọ òfin tí òfin náà yóò sì tako ara rẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí.

Èkínní ni pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ẹni tí ó kọ orí kẹta lè má sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí a ń tún orí kẹtàlélógún kọ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Àkọtọ́ Yorùbá tí àwọn míṣọ́nnárì fi ẹnu kò lé lórí ní ìpàdé Èkó ní ọdún 1875 ni a ń lò títí tí a fi fi ọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 1974. Síbẹ̀, lẹ́yìn àtúnṣe náà, a ṣì ń rí 'aiye' lẹ́gbẹ̀ẹ́ 'ayé', 'enia' lẹ́gbẹ̀ẹ́ 'ènìyàn', 'nwọn' lẹ́gbẹ̀ẹ́ 'wọ́n'. Pátákó ojú ọ̀nà sì ń kọ Oshogbo nígbà tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń kọ Òṣogbo.

Èkejì ni pé àwọn tí ó ṣe òfin ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní yí àwọn nǹkan kan padà láéláé. Ìwé tí a bá fi pamọ́ lónìí gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Nítorí náà, bí àṣìṣe bá ti wọ inú àwọn ibi tí ẹ̀jẹ́ náà dé, a kò lè pa á rẹ́ mọ́; àlàyé ni a ó máa kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kan àwa olùkọ́ èdè jù lọ, ni pé èdè ènìyàn ni a fi kọ òfin, èdè ènìyàn sì máa ń ní ìtumọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Bí a bá sọ pé 'Akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé', ohun tí a ń sọ lè jẹ́ pé ó ní agbára láti wọlé, tàbí pé a fún un ní àyè láti wọlé, tàbí pé ó ṣeé ṣe kí ó wọlé. Ọ̀rọ̀ kékeré bí 'lè' sì ni òfin máa ń rọ̀ mọ́.

3. Àpẹẹrẹ méjì

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó rọrùn. Nínú ẹ̀dà Unicode tí ó jáde ní ọdún 2005, wọ́n fi àmì kan kún ètò náà tí í ṣe irú akámọ́ kan tí àwọn ará Ìlà Oòrùn Éṣíà ń lò nígbà tí wọ́n bá ń kọ̀wé láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni FE18. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó parí orúkọ rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ BRACKET, ṣùgbọ́n BRAKCET ni wọ́n tẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀dà kejì, ti ọdún 1996, ni wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé orúkọ àmì kankan kò ní yí padà mọ́. Nítorí náà, orúkọ tí ó ṣì gún yìí ni orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún un ní orúkọ ìnagijẹ tí a kọ bí ó ti tọ́, wọ́n sì tọ́jú èyí sí àkójọ ọ̀tọ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ nínú ìwé ìlànà kì í ṣe ìtumọ̀. Àpèlé lásán ni, bí a ti ń pe ènìyàn ní Kúkúrú tí ó sì ga ju igi ọ̀pẹ lọ.

Àpẹẹrẹ kejì jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì kan wà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 00AD, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ gígé ọ̀rọ̀ sí méjì ní ìparí ìlà. Ìlànà ISO 8859-1, tí a tẹ̀ ní ọdún 1987, ṣe àpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì tí ó ní ìrísí háífìn, tí a ń lò nígbà tí a bá ti gé ìlà sí àárín ọ̀rọ̀. Ìlànà HTML 4, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1997, sọ ní tirẹ̀ pé ibi tí a lè gé ọ̀rọ̀ sí ni àmì náà ń fi hàn: bí ìlà bá gé níbẹ̀, kí háífìn hàn, bí kò bá gé níbẹ̀, kí ohunkóhun má ṣe hàn.

Ẹ wo ibi tí ìjà wà. Kì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ tí ó le. Orí ìbá-ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Òfin kìíní ń sọ̀rọ̀ nípa ìlà tí a ti gé tán. Òfin kejì ń sọ̀rọ̀ nípa ìlà tí a ṣeé ṣe kí a gé. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ti kìíní yóò fi háífìn hàn níbi gbogbo tí àmì náà bá wà. Nítorí náà, bí a bá kọ 'olùkọ́ni' tí a sì fi àmì náà sí àárín rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin kejì ti gbà wá láàyè, ètò tí ó ń tẹ̀ lé òfin kìíní yóò gbé 'olùkọ́-ni' jáde ní àárín ìlà, níbi tí kò sí ìdí fún háífìn rárá. Ní ọdún 2003, Unicode nínú ẹ̀dà kẹrin rẹ̀ mú àmì yìí kúrò láàrin ẹbí háífìn, ó sì fi í sí àárín àwọn àmì tí a kì í rí, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti darí ìtò ọ̀rọ̀. Ó gbè lẹ́yìn ìtumọ̀ kejì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé ọdún 1987 kò parẹ́ nítorí èyí. Ẹni tí ó bá kà á láìka èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò ṣì máa jà fún ìtumọ̀ kìíní, yóò sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

4. Ìlànà márùn-ún fún ìtumọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìgbọ́fá là ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Bí ìwé ìlànà bá rú wa lójú, inú ìwé náà gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe òfuurufú. Ìlànà márùn-ún ni mo fẹ́ dábàá.

Ìlànà kìíní: kí a mọ apá tí ó jẹ́ òfin yàtọ̀ sí apá tí ó jẹ́ àlàyé. Gbogbo ìwé ìlànà tí ó bójú mu ni ó pín ara rẹ̀ sí méjì báyìí. Àpẹẹrẹ, àkíyèsí àti àwòrán sábà máa ń wà nínú apá àlàyé. Unicode fúnra rẹ̀ sọ pé àwòrán lẹ́tà tí ó wà nínú àtẹ òun kì í ṣe dandan. A kàn yà á kí a lè dá lẹ́tà náà mọ̀ ni. Bí àpẹẹrẹ bá tako òfin, òfin ni kí a tẹ̀ lé.

Ìlànà kejì: kí a wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó gbé òfin náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1997, Scott Bradner kọ ìwé kúkúrú kan tí a mọ̀ sí RFC 2119, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Bí a bá wo ohun tí ó ń sọ pẹ̀lú ojú èdè tiwa, 'gbọ́dọ̀' kò gba àwáwí. 'Yẹ kí' gba àwáwí bí ìdí pàtàkì bá wà tí a sì ti ronú sí i. 'Lè' fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ìtakora púpọ̀ ni yóò tú ká bí a bá rí i pé 'gbọ́dọ̀' ni ìhà kan lò, tí ìhà kejì sì lo 'yẹ kí'.

Ìlànà kẹta: kí a wo ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀dà tuntun ti ìwé kan náà ni ó ń borí ẹ̀dà àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: ìwé tuntun kan kò lè fagi lé ìwé ẹlòmíràn àfi bí ó bá ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Ìlànà kẹrin: kí a bèèrè ohun tí òfin náà wà fún. Bí ìtumọ̀ méjì bá ṣeé ṣe, tí ọ̀kan sì ń ba iṣẹ́ tí òfin náà wà fún jẹ́, èkejì ni ó tọ́. Àmì tí a ṣe láti ran ẹni tí ń to ìlà lọ́wọ́ kò wúlò fún un mọ́ bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ìlà ti gé tán ni a óò tó fi í síbẹ̀.

Ìlànà karùn-ún: kí a wo ohun tí àwọn tí ó ń lò ó ń ṣe. Níbi tí òfin bá dákẹ́ tàbí tí ó sọ ohùn méjì, àṣà tí ó ti fìdí múlẹ̀ ni kí a gbà. Àṣà kò ní agbára láti borí òfin tí ó ṣe kedere. Ṣùgbọ́n ní ibi tí òfin ti ń kùn hùnrùnhùnrùn, ohùn àṣà ni a ó gbọ́.

5. Ọ̀rọ̀ ti lẹ́tà wa

A lè wá mú ìlànà wọ̀nyí lọ sí orí èdè tiwa. Unicode ní àmì méjì tí ó lè wà ní abẹ́ lẹ́tà Yorùbá. Ọ̀kan ni ẹ̀kán, 0323. Èkejì ni ìlà kékeré tí ó dúró gbọnrangandan, 0329. Nínú àtẹ rẹ̀, abẹ́ ìlà kékeré yìí ni àkíyèsí kan wà tí ó dárúkọ èdè Yorùbá, tí ó sì sọ pé ìrísí àmì náà lè yàtọ̀ láti ìlà dé ẹ̀kán bí àwọn tí ń lò ó bá ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Unicode kan náà ń tọ́jú àkójọ mìíràn tí ń jẹ́ CLDR, níbi tí a ti to ábídí èdè kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ ti Yorùbá jẹ́ àwọn tí ó ní ẹ̀kán. Ilé kan náà ni, ohùn méjì.

Kí ni ó burú nínú èyí? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. A lè tẹ ọ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán ní ọ̀nà mẹ́rin, ó kéré tán: ọ kí a fi àmì ohùn kún un, ò kí a fi ẹ̀kán kún un, o, ẹ̀kán, àmì ohùn, tàbí o, àmì ohùn, ẹ̀kán. Bí ó bá jẹ́ ìlà kékeré ni, ọ̀nà mẹ́ta ni, nítorí kò sí ọ onílà tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọ̀nà méje nìyẹn fún lẹ́tà kan. 'Ọ̀kọ̀' ní irú lẹ́tà yìí méjì. Méje lọ́nà méje jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mọ́kàndínláàádọ́ta ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìdí sì nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ìṣáájú kò fi rí ohun tí ó ń wá.

Ìwé ìlànà náà kò ṣàìrí ìṣòro yìí. Ó sọ pé àwọn ọ̀nà mẹ́rin àkọ́kọ́ bára dọ́gba, àti pé ètò kankan kò gbọdọ̀ gbà pé ìtumọ̀ wọn yàtọ̀. Ó tún pèsè ìlànà ìsọdọ̀kan tí ó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ òfin yìí kan náà ni àlàyé kan ti sọ pé àwọn ìgbà kan wà tí ó bójú mu kí ẹ̀rọ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé àlàyé náà fagi lé òfin. Bí a bá lo ìlànà kìíní àti èkejì, a ó rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. 'Kò gbọdọ̀' ni òfin lò, ohun tí ó sì kà léèwọ̀ ni kí ètò kan gbára lé ìyàtọ̀ náà bí ẹni pé àwọn ètò yòókù yóò pa á mọ́. Àlàyé fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ pàtàkì, bí ètò tí a ṣe láti fi nọ́ńbà inú ìwé hàn. Ètò tí ń wá ọ̀rọ̀ kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tí ó kù ni ti ẹ̀kán àti ìlà. Ìsọdọ̀kan kò lè sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan, nítorí pé ìwé ìlànà kà wọ́n sí àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ìsọdọ̀kan, ọ̀ méjì ni ó ṣì kù, 'ọ̀kọ̀' sì lè jẹ́ mẹ́rin. Èwo ni kí a wá mú? Àkíyèsí tí ó dárúkọ Yorùbá ní abẹ́ ìlà kékeré wà nínú apá àlàyé. Kò de ẹnikẹ́ni. Òfin fúnra rẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí òfin bá dákẹ́, àṣà ni a ó wò, àṣà sì ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹ, ọ àti ṣ ẹlẹ́kàn-án tí ó ní nọ́ńbà tiwọn ni ábídí CLDR gbà, àwọn náà sì ni ó wọ́pọ̀ nínú ìwé Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ẹ̀kán ni ó yẹ kí a máa tẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé ìlà kékeré ni ó dára jù, nítorí pé bí a bá fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀kán a máa sọnù sínú rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrísí ni èyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Níwọ̀n ìgbà tí àwòrán inú àtẹ kò ti jẹ́ dandan, ẹni tí ó ń ṣe fọ́ǹtì fún ìwé Yorùbá lè ya ìlà kékeré sí abẹ́ ẹ kí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà ní 1EB9. Ojú yóò rí ìlà, ẹ̀rọ yóò sì ka ẹ̀kán. Báyìí ni a ó ti fi ti Késárì fún Késárì.

Àwọn mìíràn yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò bẹ Unicode kí wọ́n fún ẹ́ àti ọ̀ ní nọ́ńbà tiwọn. Ẹ̀jẹ́ tí a mẹ́nu bà ni kò jẹ́ kí ó wúlò. Ìlànà ìsọdọ̀kan ti fìdí múlẹ̀ láti ọdún 2001. Lẹ́tà tuntun bẹ́ẹ̀, ìsọdọ̀kan yóò tún tú u padà sí lẹ́tà àti àmì ni. Bákan náà, àwọn tí ó rò pé kí ẹ̀rọ kàn gbàgbé gbogbo àmì nígbà tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ kò ro ó dé ìparí. Oko tí a ń ro, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun yóò di ọ̀kan náà.

6. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa

Kí ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe sí i? Lákọ̀ọ́kọ́, kí gbogbo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹnu kò lórí ọ̀nà kan láti máa tẹ lẹ́tà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìtọ́ni fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé kọ́kọ́ ṣe ìsọdọ̀kan ìwé náà, kí ó sì wò ó bóyá ẹ̀kán ni a lò tàbí ìlà. Kí ó tún rántí pé ní orílẹ̀-èdè Benin, ɛ àti ɔ ni a fi ń kọ Yorùbá, nítorí náà ìwé tí ó ti ibẹ̀ wá yóò béèrè ìtọ́jú tirẹ̀. Bákan náà, bí a bá rí ìtakora nínú ìwé ìlànà, kí a má ṣe dá a yanjú ní kọ̀rọ̀ kí a sì dákẹ́. Kí a kọ̀wé sí àwọn tí ó ni ín, kí a sọ ibi méjì tí kò bá ara mu, kí a sọ ìtumọ̀ tí a rò pé ó tọ́, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. Bí olúkúlùkù bá ń dá ṣe àtúnṣe tirẹ̀, ìtakora kan yóò di ogún.

Ní ìparí, mo fẹ́ kí a fi ohun kan sí ọkàn. Kíka ìwé ìlànà kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ nìkan. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ láàrin 'bí a bá gé e' àti 'bí a bá ti gé e' ti ní irinṣẹ́ tí ó ṣe kókó lọ́wọ́. Ohun tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì gírámà nìyẹn. Àwọn tí ó ń kọ òfin lẹ́tà fún gbogbo ayé kò lè mọ ohun tí ó yẹ Yorùbá bí àwa tí a ni èdè náà kò bá bá wọn sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rí, ní èdè tí òfin wọn gbọ́.